Ẹ Má Gé Sípíríǹgì Camaro Yẹn

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé. Bàbá mi fi Camaro 1969 kan sílẹ̀ fún mi, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì le dáadáa. Mo fẹ́ máa fi sá eré kóònù, èyí tí wọ́n ń to kóònù sórí pápá, tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á máa yà láàárín wọn, tí wọ́n á sì fi aago wọn eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yà, ara ọkọ̀ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, imú rẹ̀ á sì fẹ́ máa lọ tààrà. Mẹkáníìkì mi ní ká gé sípíríǹgì iwájú kí ọkọ̀ lè wálẹ̀. Ṣé ká gé e?

Ìdáhùn: Ẹ má gé e, ẹ jọ̀ọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mushin, ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo ṣí ìdí ọkọ̀ tí wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀, ohun kan náà ni mo sì máa ń bá níbẹ̀: rọ́bà tó yẹ kó gba apá ìsàlẹ̀ (irin tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú mọ́ férémù) mọ́ra ti fọ́, irin ti ń gbá irin. Ọkọ̀ ti wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ààyè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń lọ sókè ti tán. Tí ẹ bá wá fi eré yà, tí ẹsẹ̀ yẹn gúnlẹ̀ sórí rọ́bà, táyà á jáwọ́ lára ilẹ̀ lójijì. Àwọn tó ń fi iná gáàsì yan sípíríǹgì kó lè rọlẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iná ti pa agbára irin náà.

Camaro kì í ṣe ọkọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n yà. Ní 1968 àti 1969, òun ló gba ife ẹ̀yẹ ìdíje eré ọkọ̀ Trans-Am ní Amẹ́ríkà, Mark Donohue ló sì wà á jù. Ìpìlẹ̀ kan náà ló wà lábẹ́ tiyín: apá méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, àti sípíríǹgì róbótó níwájú, lííf (irin pẹlẹbẹ tó tò léra) bíi ti mólùé lẹ́yìn. Ọjọ́ orí ló dé bá a.

Ẹ fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, kí ẹ fi ìdúró irin sábẹ́ férémù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ ki irin gígùn bọ àárín apá ìsàlẹ̀ àti férémù, kí ẹ rọra jì í. Tí apá bá ń rìn, tí rọ́bà búṣì tó wà níbi tí apá ti so mọ́ férémù sì ń rún bí àkàrà àná, ẹ ti rí olè tó ń jí sítíárìn yín gbé. Rọ́bà tó ti lé ní 50 ọdún ni! Ẹ wo ti férémù iwájú náà, torí bóòtù àti rọ́bà ni wọ́n fi dè é mọ́ ara ọkọ̀, atẹ́gùn iyọ̀ Èkó kì í sì í ṣàánú irin. Ẹ pààrọ̀ gbogbo búṣì. Fún ojú lííf, ìyẹn ihò tí wọ́n fi so lííf ẹ̀yìn, rọ́bà tuntun lèmi máa ń lò, torí ó nílò láti lọ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni alignment, ìyẹn títo ìdúró táyà. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yẹn, táyà ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe radial, irú táyà tí a ń lò lónìí. Ẹ sọ fún ẹni tó máa ṣe é pé kí orí táyà iwájú fì sínú: ìyẹn camber, dígíríì -1 sí -1.5. Bí ara ọkọ̀ bá tẹ̀, táyà ìta á wá fi ojú rẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa. Caster, ìyẹn bí ìdí tí táyà fi ń yí ṣe fì sẹ́yìn, dígíríì +4, tàbí ibi tí apá òkè bá lè dé. Toe-in, ìyẹn bí imú táyà iwájú méjèèjì ṣe kọjú síra díẹ̀, 1/16 íǹṣì. Pẹlẹbẹ irin kéékèèké tí wọ́n ń kì sídìí apá òkè ni wọ́n fi ń ṣe camber àti caster. Ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi parí.

Táyà ńkọ́? Ẹ má fi tókunbọ̀ sáré. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2016. Rọ́bà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti le, kò lè di ilẹ̀ mú mọ́, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì nípọn tó. Epo bíréèkì náà, ẹ da ti àtijọ́ nù, kí ẹ rọ DOT 4 (irú epo bíréèkì kan) tuntun, torí epo bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra.

Tí owó bá ṣì kù, stabilizer bar iwájú ni kí ẹ rà, irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀ kí ara ọkọ̀ má baà tẹ̀ jù, kó nípọn tó 1 1/8 íǹṣì. Àwọn kan á ní bar tó nípọn níwájú ló ń jẹ́ kí imú máa tì síta. Òótọ́ ni lórí ọkọ̀ tuntun. Lórí tiyín, ìtẹ̀ ara ọkọ̀ ló ń gbé táyà dìde sórí etí rẹ̀, nítorí náà ẹ dín ìtẹ̀ yẹn kù. Ẹ má tíì fi kún ti ẹ̀yìn, kí ìdí ọkọ̀ má baà máa fì. Shock tó dáa, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò, ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún Camaro, èyí tó le díẹ̀ ju ti àtijọ́, torí ẹ ṣì máa wà á gba títì wa kọjá.

Ẹ má dán an wò lórí Third Mainland. Lórí pápá, kí ẹ tó sá, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ fi ẹfun fa ìlà láti ojú rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́, níbi mẹ́ta. Ẹ sá ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ wò ó. Bí ẹfun bá pa rẹ́ kọjá etí táyà wọ ẹ̀gbẹ́, ẹ fi psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) 2 kún un. Bó bá ṣì kù létí ojú táyà, ẹ yọ 2. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ mú ìwé náà dání tí ẹ bá ń bọ̀ ní Mushin.