Bíà Tí Ó Kan Bí Omi Ògì: Ìdáhùn Sí Àwọn Òǹkàwé Wa Ní Ìjẹ̀bú Àti Rẹ́mọ

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ọmọ mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Florida wálé fún Ojúde Ọba, ó sì kó agolo bíà mẹ́rin wá fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi ìsápá, òórùn gúrófà sì ń tú jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti fi kan ẹnu báyìí, ńṣe ni ó kan bí omi ògì ọjọ́ mẹ́ta. Mo dà á nù, mo sì kó mẹ́ta yòókù pamọ́ kí bàbá má baà mu ún. Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, pé àwọn ará Jámánì ni wọ́n ni ín. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọtí náà ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà? (Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ìdílé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Berliner Weisse ni bíà náà ti wá, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘funfun ti Berlin’. Àlìkámà ni wọ́n ń pò mọ́ ọkà bálì láti fi pọn ọ́n, ó sì máa ń ṣú díẹ̀ bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ọtí inú rẹ̀ kò pọ̀. Nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ bíà tí à ń mu nílé máa ń tó ìdá 5. Wọ́n a máa sọ ọ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon wọ Berlin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n pè é ní Champagne Àríwá, nítorí bí ó ti ń hó tí ó sì ń ta wọ́n lẹ́nu.

Ohun tí ó mú un kan kì í ṣe àlejò nílé yín rárá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Lactobacillus. Ṣúgà inú ọkà ni oúnjẹ wọn, omi kíkan ni wọ́n sì máa ń sọ ọ́ dà. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní plantarum, ni àwọn onímọ̀ ti bá nínú ògì wa, tí wọ́n sì tún bá nínú ẹ̀gẹ́ tí a rin fún gàrí. Òun kan náà ni àwọn apọntí kan ń rà lónìí láti fi mú bíà kan. Ìdí tí gàrí Ìjẹ̀bú fi kan ju ti ibòmíràn lọ ni pé a kì í kánjú gbé e kúrò nínú àpò. Ìyá mi, ní abúlé wa lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó, a máa gbé òkúta ńlá méjì lé àpò ẹ̀gẹ́, a sì máa fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní àràárọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ àpò náà, tí yóò gbé ọwọ́ tútù náà sí imú, tí yóò sì ní, ‘Kò tíì kan tó.’ Ohun tí apọntí ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́, àfi pé ẹ̀rọ ni ó fi ń wọn kíkan tirẹ̀.

Ní ti èso, ọ̀nà méjì ni ó gbà wọ inú ọtí yìí, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Ní Berlin, nítorí pé kíkan náà máa ń le fún ẹlòmíràn, wọ́n a máa da omi ṣúgà aláwọ̀ sí inú ife kí wọ́n tó bu bíà lé e lórí. Bí ó bá pupa, ti èso rásíbẹ́rì ni. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ti ewé olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń pè ní Waldmeister ni. Ife tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí abọ́ ni wọ́n fi ń gbé e fún ènìyàn, wọ́n á sì ki sítúrọ́ọ̀ bọ̀ ọ́. Mo ti mu pupa rẹ̀ rí. Ó tutù, ó sì dùn, ṣùgbọ́n adùn ṣúgà náà bo ọkà mọ́lẹ̀ débi pé, nígbà tí mo mu ún dé ìdajì, n kò lè sọ irú ọtí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn apọntí kéékèèké ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé èso kúrò nínú ife, tí wọ́n sì gbé e wọ inú àgbá tí ọtí ti ń hó. Ilé ìpọntí Dogfish Head ní ìpínlẹ̀ Delaware ti fi omi èso peach pọn irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Festina Pêche ní ọdún 2007. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Florida, tí oòrùn wọn jọ tiwa, bẹ̀rẹ̀ sí í lo èso ilẹ̀ wọn, bíi gúrófà, mángòrò àti passion fruit, títí tí àwọn ènìyàn fi ń pe irú rẹ̀ ní Florida Weisse. Ilé ìpọntí J. Wakefield ní Miami wà lára àwọn tí orúkọ wọn kàn nídìí rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí pé ìwúkàrà, ohun tí ń sọ ṣúgà di ọtí, á jẹ ṣúgà inú èso náà, á sì fi òórùn èso àti kíkan rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń mu ún.

Nítorí náà, Màmá, ẹ gbé agolo mẹ́ta yẹn jáde. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan orí rẹ̀: bí orí agolo bá ti wú, ẹ má ṣí i. Bí kò bá wú, ẹ fi sínú ẹ̀rọ amómitutù, kí ẹ sì bu díẹ̀ fún bàbá. Èyí tí ó bàjẹ́ lóòótọ́ máa ń rùn bí fínígà tàbí bí ẹyin tí ó ti rà. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọkà bàbà tí mo mú hù pọn ọtí nílé, mo jẹ́ kí ó kan, mo sì fi ìwúkàrà sí i. Nígbà tí ó ti hó tán, mo lọ mángòrò àti àgbálùmọ̀ pọ̀, mo dà á sí i, mo sì dé e sínú ìgò ní ọjọ́ náà. Ní òru ọjọ́ kẹrin, ìgò márùn-ún fọ́ yángá nínú yàrá, àfọ́kù rẹ̀ sì gún ara ògiri. Kí ni mo ṣe tí kò dára? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o kò sí nítòsí wọn. Ìwúkàrà ni ó fọ́ ìgò rẹ. Òótọ́ ni pé ó ti jẹ ṣúgà inú ọkà tán, ṣùgbọ́n kò kú. Ebi ni ó ń pa á. Nígbà tí o da èso sí i, oúnjẹ tuntun ni o gbé fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, afẹ́fẹ́ tí ó ń tú jáde kò sì rí ibi gbà kúrò. Kò sí ẹlẹ́mu kankan ní Rẹ́mọ tí yóò dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu òwúrọ̀ pinpin kí ó tó gbé e sórí ọ̀kadà, nítorí ó ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ìdí kan náà ni àwọn agolo bíà eléso tí wọ́n fi ṣúgà èso sílẹ̀ nínú wọn fi gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù títí a ó fi mu wọ́n.

Bí o bá tún fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, jẹ́ kí iṣẹ́ náà tò tẹ̀lé ara wọn. Omi ọkà rẹ ni kí o kọ́kọ́ mú kan, kí o sì gbé e sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ̀ ọ́, fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Má fi hops, òdòdó kíkorò tí wọ́n ń fi sí bíà, sí i ní àkókò yìí, nítorí pé kì í jẹ́ kí Lactobacillus ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá kan tó, sè é kí ó hó, kí àwọn kòkòrò náà lè kú. Lẹ́yìn tí ó bá tutù ni kí o tó fi ìwúkàrà sí i. Ẹ̀yìn ìgbà tí híhó àkọ́kọ́ bá rọlẹ̀ ni ti èso, inú àgbá tí afẹ́fẹ́ lè gba ojú rẹ̀ jáde ni ó sì gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú ìgò. Ra ohun ìwọn onígíláàsì tí ó máa ń léfòó nínú ọtí, kí o sì máa wo nọ́ńbà rẹ̀. Àfi bí nọ́ńbà náà bá dúró sí ojú kan fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni o tó lè dé e sínú ìgò, kí ìgò náà sì nípọn.

Ní ti èso fúnra rẹ̀, mo rọ̀ ọ́ pé kí o mú ẹyọ kan. Àgbálùmọ̀ ni n bá mú. Òun náà kan, nítorí náà má jẹ́ kí ọkà rẹ kan dé góńgó kí o tó fi í sí i. Bó o, yọ kóró rẹ̀, kí o má sì lo èèpo rẹ̀ rárá, nítorí oje funfun tí ó wà lára rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ètè, yóò sì lẹ̀ mọ́ ìdí àgbá rẹ. Gbé ẹran rẹ̀ ka iná títí yóò fi gbóná dáadáa, jẹ́ kí ó tutù, kí o tó dà á sí i. Gíráàmù 100 sí 200 fún lítà ọtí kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Mángòrò ṣòro díẹ̀: nígbà tí ìwúkàrà bá ti jẹ adùn rẹ̀ tán, òórùn tí ó kù kì í pọ̀, nítorí náà èyí tí ó ti pọ́n dénú, tí ó fẹ́ máa rọ̀ jù fún jíjẹ, ni kí o lò.

Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè mu èyí tí o bá pọn nílé. Bí o bá fẹ́ tà á, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé NAFDAC.

ÌBÉÈRÈ: Bí apọntí kan ní Rẹ́mọ bá pọn irú ọtí yìí pẹ̀lú èso, ṣé ó lè pè é ní Berliner Weisse? Ṣé òfin bíà àwọn ará Jámánì kò sì lòdì sí èso? (Olùkọ́ kan, Ìpẹ́rù Rẹ́mọ)

ÌDÁHÙN: Òfin tí ẹ ń sọ ni èyí tí wọ́n ṣe ní Bavaria ní ọdún 1516, tí ó ní omi, ọkà bálì àti hops nìkan ni kí ó wọ bíà, ó di ọdún 1906 kí ó tó kan gbogbo ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún àlìkámà nínú irú bíà ti Berlin yìí. Kò fi àyè sílẹ̀ fún èso nínú àgbá. Inú ife ni omi rásíbẹ́rì ti ń bá bíà pàdé, ìyẹn lẹ́yìn tí apọntí ti parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní ti orúkọ, ní Jámánì, èyí tí a bá pọn ní Berlin nìkan ni ó ń jẹ́ Berliner Weisse. Òfin yẹn lè má dé Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n àwa tí inú ń bí nígbà tí wọ́n bá ń ta gàrí ibòmíràn ní ọjà Èkó pẹ̀lú orúkọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ó ń dun àwọn ará Berlin. Kí apọntí náà kọ ohun tí ó wà nínú ìgò sí ara ìgò: ọtí ọkà bàbà kíkan pẹ̀lú àgbálùmọ̀, kí ó sì kọ Ìpẹ́rù sí abẹ́ rẹ̀.