Ẹ Má Jó Ìwé Ọmọ: Màámi Olùkọ́ Ọnà Dá Yín Lóhùn

*Màámi Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS1. Ó ti fi ojú èèyàn kún gbogbo ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó ní Visual Art lòun fẹ́ ṣe ní WAEC, bẹ́ẹ̀ dókítà ni mo fẹ́ kó jẹ́. Àbúrò mi ní kí n jó àwọn ìwé náà. Kí ni kí n ṣe? — Bàbá kan, Ọ̀tà*

Bàbá wa, ẹ má jó nǹkan kan. Ẹ bá mi kí àbúrò yín, kí ẹ sì gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ẹ ti jókòó wo àwọn ojú náà rí? Ojú ta ni? Bó bá jẹ́ àwọn ọmọge inú fíìmù Japan ni, àwọn tí gbogbo wọn ní imú ṣónṣó kan náà, àdàkọ ló ń ṣe. Kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Bó bá wá jẹ́ ojú yín ni, tàbí ti ìyá tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò, tí ẹ sì dá onítọ̀hún mọ̀ kí ẹ tó béèrè, ọmọ yẹn ń fẹ́ olùkọ́ nìyẹn.

Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdàkọ àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó. Kò dúró síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1906, tó jẹ́ ọmọ ọdún 24, ó ti ya Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó láì tíì fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ ọnà kankan. Àwọn aláṣẹ òyìnbó ìgbà náà kò gbà pé ọmọ aláwọ̀ dúdú lè kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní London ní 1920, ó padà dé ní 1922, ó sì ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí èkejì ní Èkó láti kọ́ àwọn ọmọ. Kò yé yọ ìjọba lẹ́nu títí wọ́n fi mú olùkọ́ ọnà mìíràn, Kenneth Murray, wá láti England ní 1927. Àwọn méjèèjì kò fẹnu kò. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ọnà ìbílẹ̀ wọn, Onabolu ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà ṣe ń fún lójú bó bá ṣe ń jìnnà (ohun tí òyìnbó ń pè ní perspective), débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é ní “Mr. Perspective”. Ti Onabolu ni mo bá lọ. Ọmọ tó ti mọ ìwọ̀n lè pinnu láti pa á tì. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n kò ní ohun tó ń pa tì.

Ní ti iṣẹ́ dókítà, ẹ lọ bi ilé ìwé bóyá ó lè ṣe Visual Art pẹ̀lú Biology. Ẹ má gbà fún un kó sá fún ìṣirò o! Bó bá padà fẹ́ máa ya plánì ilé, Yunifásítì yóò béèrè ìṣirò àti físíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ra ìwé tí kò nílà fún un, kó máa ya ohun kan tó wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì kọ déètì sí i. Tí táàmù bá parí, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

*Mà, mo ń kọ́ prámárì 4 nítòsí Ìsẹ́yìn. Iṣẹ́ ọnà wà nínú táìmù-tébù wa, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dà, kò sí búrọ́ọ̀ṣì. Koríko la máa ń ní kí àwọn ọmọ gé lásìkò náà. — Olùkọ́ kan*

Ẹ dá àsìkò àwọn ọmọ padà fún wọn. Koríko kò ní sá lọ.

Ẹ wá agolo mílíìkì tó ní ìdérí. Ẹ to ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti gbẹ, tí ẹ ti bó èèpo rẹ̀, kún inú rẹ̀. Ẹ dé e pa, ẹ fi ìṣó dá ihò kan sí ìdérí, kí ẹ gbé e sáàárín iná. Èéfín yóò máa gba ojú ihò jáde. Tó bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e kúrò, ẹ má sì ṣí i títí yóò fi tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án ní gbígbóná, eérú lẹ máa bá níbẹ̀. Èédú ìyàwòrán nìyẹn, kò ná yín ní kọ́bọ̀. (Ẹ̀yin ni kí ẹ dáná o, kì í ṣe àwọn ọmọ.) Ẹ gé ìpele inú àpò sìmẹ́ǹtì fún bébà. Èédú ni wọn yóò fi ya òjìji, ṣọ́ọ̀kì funfun ni fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má ya ilé sójú pátákó kí wọ́n wò ó kọ. Ilé onígun mẹ́ta tó ní igi àgbọn méjì àti oòrùn ní kọ̀rọ̀ ti sú mi. Kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì yín tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé bàtà ara wọn síwájú wọn. Ìsẹ́yìn sì kọ́ lẹ wà yìí? Ẹ kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ òfì, kí wọ́n wo bí ìlà ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, kí wọ́n sì yà á wálé.

Ní Òṣogbo ní 1964, nígbà tí Georgina Beier, ayàwòrán òyìnbó kan, pe àwọn èèyàn jọ láti kun àwòrán, àwọn òṣèré Duro Ladipo wà lára wọn. Jimoh Buraimoh tó ń bójú tó iná orí ìtàgé wà níbẹ̀. Georgina kò fún wọn ní àwòrán tí wọn yóò dà kọ.

*Ọmọ ọdún 9 ni ọmọ wa, London la wà. Níbo ló ti lè rí iṣẹ́ Yorùbá wò? — Ìyá kan*

Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì, tí Olówè ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́, wà lọ́wọ́ British Museum. Wembley ní London ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ fún àfihàn ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1924. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jáde nílé bóyá wọ́n gbé e síbi tí àlejò ti lè rí i. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Ẹ mú pẹ́ńsù àti ìwé dání, ẹ fi fóònù sápò. Kí ó wá òyìnbó tí wọ́n gbé lórí àga lára ilẹ̀kùn náà, kó sì yà á.