Àbúrò mi, wo ọrùn tìrẹ náà

Àbúrò mi ọmọ Ìmọ̀tà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì dìde lọ jókòó síta kí n tó lè dá ọ lóhùn. O ní ìwọ ni àkọ́bí, pé láti ìgbà tí ìyá yín ti kú ni ata tí ò ń tà ní Ṣàbó ti ń bọ́ ẹnu mẹ́rin yàtọ̀ sí ti ọmọ tí o bí. O ní àbúrò rẹ ọkùnrin fẹ́ gba ₦200,000 lọ́wọ́ rẹ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àti pé o ti ń múra láti lọ bá alájọ kó kó owó rẹ fún ọ láìtó àsìkò. O wá ní èyí tó ń dùn ọ́ jù ni pé bí o bá ti fún wọn tán, inú á máa bí ọ, wàá máa sunkún lóru. O béèrè bóyá ènìyàn burúkú ni ọ́.

Rárá o. Máà lé ìbínú yẹn lọ, gbọ́ ohun tó ń wí. Èmi pa tèmi lẹ́nu mọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ mi kò kéré.

Ọdún 1994 ni bàbá mi kú. Pákó ni wọ́n ń tà ní Ẹ̀bùtè níbí, ní Ìkòròdú. Ọmọ ọdún 19 ni mí, àbúrò márùn-ún ló wà lẹ́yìn mi, wọn ò tíì já èyí tó kéré jù lẹ́nu ọmú. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan di ọwọ́ mi mú láàárín èrò, wọ́n ní, "Ìwọ ni bàbá wọn báyìí." Gbogbo ilé ṣe àmín. Ìyá mi gbé orí lé èjìká mi, wọ́n sunkún. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń tu ilé nínú nìyẹn nígbà tí òpó bá wó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi lọ ju bí àwọn tó sọ ọ́ ṣe rò lọ.

Mo di olùkọ́ ìṣirò. Kí owó oṣù tó wọlé ni mo ti máa ń pín in tán. Wọ́n ń yìn mí ládùúgbò, ìyá mi á fi oríkì mi pè mí: Àkànbí, ọmọ tí kò jẹ́ kí ojú ó ti òun. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Bí oṣù kan bá fẹ́ parí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀ mí ní nǹkan, ara mi kì í balẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń pè wọ́n láti béèrè bóyá kò sí ohun tí wọ́n nílò. Jọ̀wọ́, tún gbólóhùn yẹn kà, àbúrò mi, kí o sì wò ó bóyá ìwọ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 2006 mo ra ilẹ̀ lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀, mo mọ búlọ́ọ̀kù 800 síbẹ̀. Mo tà wọ́n kí àbúrò mi lè gba ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá mo tún mọ 600. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbẹ̀bí ìyàwó àbúrò mi, mo tún tà wọ́n. Ìyẹn kò dùn mí títí dòní, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dùn mí, nítorí aṣọ ẹbí àti ìnáwó ìgbéyàwó ni. Mo sì ń sọ fún gbogbo wọn pé kò sí wàhálà. Bí ẹni tó rà á ṣe ń kó búlọ́ọ̀kù sínú ọkọ̀ ni mò ń bá a gbé e, tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo bínú sí àwo ọbẹ̀, mo bínú sí ọmọ tó ń kàwé sókè. Ẹni tó yẹ kí n bínú sí kò sí nínú ilé, tàbí kí n sọ pé ó wà níbẹ̀, inú àwọ̀ mi ló wà.

Nígbà tó fi máa di 2017, mo ti ṣe onídùúró fún ènìyàn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olùkọ́. Ọ̀kan yá ₦600,000, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, a ò rí i mọ́. O mọ bí ìdúró ṣe rí: bí ẹni tó yáwó bá sá, owó oṣù onídùúró ni wọ́n á máa gé. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi gé tèmi. Mi ò sọ nílé. Mò ń purọ́ pé owó oṣù ló pẹ́. Ìyàwó mi fẹ́ fọ ṣòkòtò mi, ló bá rí ìwé owó oṣù nínú àpò. Kò pariwo. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Bàbá Ṣọlá, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé àánú ló pọ̀ jù nínú yín. Àánú kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà yín." Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀, nítorí òótọ́ ló sọ.

Mo ṣubú lójú gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní 2019, níbi tí wọ́n tò sí tí wọ́n ń kọrin. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá mi, 190 lórí 115 ni. Tó bá ti dé 140 lórí 90 ni wọ́n ti ń sọ pé ó ga. Dókítà fún mi lóògùn, ó sì ní kí n lọ rí obìnrin kan tó mọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá. Inú bí mi, mo rò pé wọ́n ti ń kà mí mọ́ àwọn tí orí wọn dàrú. Obìnrin náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jẹ́ kí n rojọ́ mi tán, ó wá bi mí léèrè: "Sà, ìgbà wo ni ẹnìkan fún yín ní nǹkan kẹ́yìn, tí ẹ sì gbà á?"

Mi ò rí èsì. Mo rò ó títí, mo wá rántí iṣu márùn-ún. Ìyá ọmọ kan gbé e wá láti Agbówà nígbà tí ọmọ náà yege ìṣirò nínú ìdánwò àṣekágbá. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ooru mú mi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Kí n tó délé mo ti pín iṣu náà fún àwọn aládùúgbò, kò sí ọ̀kan tó dé ilé ìdáná wa. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní bí mo bá gbà á, mo ti di ajigbèsè nìyẹn. Ó dákẹ́. Èmi náà gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Bí gbígbà bá jẹ́ gbèsè lójú mi, a jẹ́ pé gbogbo ẹni tí mo ti ń fún ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ń sọ wọ́n di ajigbèsè mi ni. Àyè ni mò ń fi owó rà láàárín wọn. Mi ò gbà gbọ́ pé wọ́n lè fún mi láyè bí ọwọ́ mi bá ṣófo.

Ó ṣàlàyé fún mi pé onímọ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jeffrey Young to irú èrò 18 jọ, èyí tó máa ń ti ìgbà èwe bá ènìyàn dàgbà. Méjì nínú wọn fara jọra. Nínú ọ̀kan, ènìyàn ń fi ara rẹ̀ rúbọ nítorí pé ìyà tó ń jẹ ẹlòmíràn ń ro ó lára, ọkàn rẹ̀ á sì máa dá a lẹ́bi bó bá fi nǹkan sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Nínú èkejì, ó ń tẹrí ba nítorí ẹ̀rù pé wọ́n á bínú, wọ́n á fìyà jẹ òun, tàbí wọ́n á kọ òun sílẹ̀. Ẹni tó ń wòran kò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe é nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, bó bá dáhùn òótọ́ sí ìbéèrè yìí: bí mo bá sọ pé rárá, kí ni mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Nígbà tó bi mí, mo ní, "Gbogbo wọn á lọ." Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo rí lójú mi, bí wọ́n ṣe di tèmi mú lọ́jọ́ kẹjọ.

Mo bi í bóyá àìsàn ni. Ó ní ní 1987, àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ìwà kan tó súnmọ́ èyí sí àfikún ìwé tí wọ́n fi ń dá àrùn ọpọlọ mọ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, pàápàá láàárín àwọn tó ń gbèjà obìnrin, pé wọ́n á fi dá obìnrin tí ọkọ ń lù lẹ́bi ìyà ara rẹ̀. Nígbà tí ìwé tuntun jáde ní 1994, wọ́n ti yọ ọ́. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ orúkọ àrùn mọ́ ọ lára. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan ń lù ọ́ tàbí ń halẹ̀ mọ́ ọ ni o fi ń fún un lówó, ìyẹn kúrò lọ́rọ̀ tí mò ń sọ yìí. 112 tàbí 767 ni kí o pè ní Èkó.

Òwe tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe gidi ni, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tó ẹni àádọ́ta ọdún kí n tó gbọ́ ọ dáadáa: àgbà inú òwe yẹn jẹun. Ó jẹun, ó sì ṣẹ́ kù. Kò sí àgbà kankan nínú rẹ̀ tó gbé gbogbo igbá fún ọmọ, tó wá ń fi ebi sùn, tó ń bú ọmọ nínú.

Àwọn baba wa tún ní ẹni tó máa dá ni láṣọ, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àwọn àbúrò mi kò wo ọrùn mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọwọ́ bò ó. Wọn ò mọ̀ nípa gbèsè, wọn ò mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ni mò ń tà. Ìgbà tí mo wá sọ fún wọn, èyí obìnrin tó tẹ̀lé mi bú sẹ́kún, ó ní kí ló dé tí mo fi sọ wọ́n di olè láìmọ̀.

Rárá àkọ́kọ́ tí mo sọ, mi ò lè sọ ọ́ tán. Àbúrò mi ọkùnrin pè mí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó fẹ́ ₦150,000. Ohun tí obìnrin tí dókítà ní kí n lọ rí kọ́ mi ni pé kí n má dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Jẹ́ kí n rò ó, màá pè ọ́ lọ́la." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì mo pè é, mo ní ₦30,000 ni mo ní, kò sì ní padà sọ́dọ̀ mi. Oṣù mẹ́rin ni kò fi pè mí. Ìyá mi wá sílé, wọ́n jókòó sórí àga mi, wọ́n ní, "Àkànbí, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?" Kò sí ohun tó le tó ọjọ́ yẹn nínú gbogbo rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní wọn ò ṣẹ̀ mí, mo sì gbé ìwé ìfúnpá mi lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò mọ̀ ọ́n kà, mo kà á fún wọn. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí bíi ti ọmọdé.

Mi ò fẹ́ kí o rò pé ó dáa láti ibẹ̀ lọ. Mo ṣàṣejù. Mo le fún bí oṣù mẹ́ta, ẹni tó bá bèèrè, rárá ni. Ọmọ àbúrò mi ní ibà, wọ́n ní kí n fi ₦4,000 ra oògùn, mo ní kí bàbá rẹ̀ lọ wá a. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ yẹn ṣì wà lára mi. Ẹni tí kò kọ́ bí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ ni mí nígbà náà, bí mi ò bá ṣí i gbàgà, mo tì í pa. Àbúrò mi obìnrin kan ṣì ń bínú sí mi títí dòní, mi ò sì lè sọ pé kò ní ẹ̀tọ́.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò le. Bí owó oṣù bá wọlé, èmi àti ìyàwó mi jọ yọ owó ẹbí sọ́tọ̀ sínú àkáǹtì kan. Bó bá tán, ó tán nìyẹn, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀. Ẹ̀mí àti àìsàn nìkan ló lè mú mi kọjá rẹ̀. Mi ò ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kí n tó fúnni, mo máa ń bi ara mi bóyá inú á bí mi lọ́la. Bó bá máa bí mi, mo dín in kù títí tí kò fi ní bí mi mọ́, kódà kó ku ₦2,000. Mo sì ń gba nǹkan. Ọdún tó kọjá, àbúrò tí kò pè mí fún oṣù mẹ́rin yẹn gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ kọ̀ ọ́, mo pa ẹnu mi mọ́, mo gbà á.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì rẹ. Máà lọ bá alájọ. Jókòó, ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn owó ọjà, owó ilé àti oúnjẹ ọmọ rẹ. Mú iye tí kò ní pa ọ́ lẹ́kún nínú rẹ̀, kí o sì pe àbúrò rẹ lọ́la, kí ó má jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ pè ọ́. Sọ iye náà fún un, sọ fún un pé àjọ rẹ kò tíì tó gbà. Bó bá bínú, gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, lọ bá ọmọ rẹ jẹun. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, kọ̀wé sí mi, kí o sọ bó ṣe lọ. Màá máa retí rẹ.