Ẹ Bi Wá: Níbo ni orúkọ dánámáìtì ti wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olóòtú. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta kò jìnnà sí oko wa. Bí ilẹ̀ bá ti mì báyìí, bàbá mi á ní, "Dánámáìtì nìyẹn." Ṣé orúkọ ẹni tó ṣe é ni, àbí ẹ̀tù ọdẹ náà ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀?
(Òǹkàwé, Òkè-Fìà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun. Kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Alfred Nobel, ará Sweden, ló ṣe é, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní 1867. Inú èdè Gíríkì ló ti yọ orúkọ: dynamis, ìyẹn agbára. Ibẹ̀ náà ni dáínámò ti wá, èyí tí àwọn bàbá wa máa ń so mọ́ kẹ̀kẹ́, tí táyà á máa yí i, tí iná iwájú á fi tàn.

Ẹ̀tù ọdẹ yàtọ̀ pátápátá. Èédú, imí ọjọ́ àti saltpetre (irú iyọ̀ kan) ni wọ́n ń pò pọ̀ ṣe é, ó sì ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó bí Nobel. Òróró ni ti Nobel. Nitroglycerin ló ń jẹ́, Ascanio Sobrero ará Ítálì ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1847. Òróró náà burú! Bí wọ́n bá gbé e gbọ̀n, ó lè bú mọ́ni lọ́wọ́. Ní 1864 ó bú níbi iṣẹ́ ìdílé Nobel ní Stockholm, ó pa Emil, àbúrò rẹ̀, àtàwọn mìíràn. Síbẹ̀ Nobel ò ṣíwọ́. Ó wá rí i pé bí erùpẹ̀ fúyẹ́fúyẹ́ kan tí wọ́n ń wà ní Jámánì bá fa òróró náà mu, á ṣeé fọwọ́ mọ bí amọ̀, á ṣeé wé sínú bébà, kò sì ní máa ṣàdédé bú.

Ohun tó ń ká mi lára nípa orúkọ yìí ni pé agbára ti wà nínú òróró Sobrero tẹ́lẹ̀. Òróró nìkan tiẹ̀ le ju dánámáìtì lọ. Ńṣe ni Nobel rọ̀ ọ́ lójú. Òun fúnra rẹ̀ tún pè é ní ẹ̀tù aláìléwu Nobel, èmi ì bá sì fẹ́ kí ìyẹn dúró, nítorí ó sọ ohun tó ṣe gan-an.

Sọ fún bàbá rẹ pé ọ̀pọ̀ ibi ìfọ́kúta kì í lo dánámáìtì mọ́ lóde òní, orúkọ ló kù lẹ́nu aráyé. Nobel yìí náà ló sì fi ogún rẹ̀ dá ẹ̀bùn tí Wọlé Ṣóyínká gbà ní 1986 sílẹ̀.