Ilẹ̀ dúdú lápá Ely: omi ni kí ẹ máa ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní ẹ gba ilẹ̀ dúdú lápá Ely, ní ilẹ̀ England, láti fi gbin ẹ̀fọ́, onílẹ̀ sì fẹ́ gbẹ́ kòtò omi rẹ̀ kó jìn sí i. Ẹ wá béèrè pé bí ẹ kò bá tú ilẹ̀, tí ẹ sì ń gbin nǹkan tó máa bò ó lẹ́yìn ìkórè, ṣé ìyẹn ò tó láti dín afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná kù, èyí tí wọ́n ní ó ń jáde níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ oko ní agbègbè Fens yẹn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, ọ̀rọ̀ omi gan-an ni wọ́n sì fi sí mi lọ́wọ́. Kò tó. Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kó má gbẹ́ kòtò yẹn.

Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ bí irú èyí tí a mọ̀. Koríko etí omi, ewé àti igi ni, tó ti kú sínú omi láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí kò sì lè jẹrà tán torí pé afẹ́fẹ́ ò ráyè dé ibẹ̀. Peat ni wọ́n ń pè é. Ẹ bu èyí tó wà nísàlẹ̀ dáadáa kí ẹ fún un: omi rúsúrúsú á máa ro láàárín ìka yín, ẹ ó sì ṣì máa rí fọ́nrán koríko nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá ti fà kúrò lára rẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, tó sì ń di carbon dioxide, ọ̀kan lára afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná. Nitrous oxide, afẹ́fẹ́ mìíràn tó ń mú ayé gbóná, náà ń jáde, bẹ́ẹ̀ kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí kílò 270 carbon dioxide.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó lọ sí Holme Fen, nísàlẹ̀ Peterborough. Nígbà tí wọ́n fa omi adágún Whittlesey Mere gbẹ lọ́dún 1851, wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀ títí orí rẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Lónìí, òpó yẹn yọ sókè tó mítà 4. Òpó ò kúrò níbi tó wà, ilẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Lóòótọ́, apá kan jẹ́ pé ilẹ̀ sún kì nígbà tí omi kúrò, ṣùgbọ́n apá tó kù ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìlànà tí IPCC, ìgbìmọ̀ àwọn ìjọba àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, gbé jáde lọ́dún 2013 lórí ilẹ̀ olómi ka carbon tó ń kúrò lórí hẹ́kítà kan irú oko bẹ́ẹ̀, nílùú tí kì í gbóná púpọ̀, sí tọ́ọ̀nù 7.9. Ẹ sọ ọ́ di carbon dioxide, ó tó tọ́ọ̀nù 29. Lọ́dọọdún ni o.

Lóko wa, a ṣíwọ́ títú apá kan ilẹ̀. Ó ṣe wá láǹfààní, n ò ní parọ́. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí irúgbìn ò tíì bo ilẹ̀, atẹ́gùn máa ń gbé ilẹ̀ dúdú yẹn débi pé iná mọ́tò iwájú yín kò ní hàn, ilẹ̀ á sì dí inú kòtò. Ibi tí a bò kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ gbin ohun tí ẹ fẹ́ gbìn yẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ṣì ń lọ sílẹ̀. Àwọn igi dúdú àtayébáyé tó sùn sábẹ́ rẹ̀ ṣì ń yọ síta, wọ́n sì ń gbá irin ẹ̀yìn katakata mú.

Ọ̀gá gbogbo rẹ̀ ni ibi tí omi wà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Chris Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature lọ́dún 2021: bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 sún mọ́ òkè, ó kéré tán, ẹ ti dín tọ́ọ̀nù 3 carbon dioxide tàbí ohun tó bá a dọ́gba kù lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, títí omi yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú ilẹ̀. Ẹ má kàn jẹ́ kó bo ilẹ̀ nígbà ooru, torí methane, afẹ́fẹ́ mìíràn tó ń mú ayé gbóná, náà ń bọ̀ nìyẹn.

Ẹ má sì gba ẹ̀rí kòtò gbọ́. Ẹ mú páìpù rọ́bà, ẹ lu ihò sí i lára, kí ẹ rì í mọ́ àárín gbùngbùn oko, kí ẹ sì máa fi okùn ìwọ̀n wo ibi tí omi wà. Ní oṣù keje, kòtò lè kún dẹ́nu, kí omi àárín oko sì ti lọ jìnnà sísàlẹ̀, nítorí oòrùn àti irúgbìn ń fà á ju bí peat ṣe ń jẹ́ kí omiran wọlé lọ. Ìgbà ooru yìí gan-an ni peat ń jẹrà jù. Ohun tó gbà wá ni àwọn páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń fa omi jáde tẹ́lẹ̀: tí omi kòtò bá ti ga ju ẹnu wọn lọ, àwọn náà ló ń dá a padà sínú oko.

Ẹ ò lè dá a ṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ Internal Drainage Board, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó omi àti kòtò ní agbègbè náà, kí ẹ sì bá ẹni tí ẹ jọ ń lo kòtò jókòó. Aládùúgbò wa tó ń gbin ọ̀dùnkún kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀rù ń bà á kí katakata rẹ̀ má lọ rì. A wá fẹnu kò pé a ó máa sọ omi kalẹ̀ kí ẹ̀rọ rẹ̀ tó wọlé, a ó sì dá a padà tó bá ti jáde. Sẹ́lẹ́rì, irú ẹ̀fọ́ kan, fara da omi tó súnmọ́ ju ọ̀dùnkún lọ, nítorí náà ẹ ro ohun tí ẹ máa gbìn dáadáa. Ẹ sì jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó láṣẹ láti gbé pákó tó ń sé omi.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí ní kí a má dáko àkùrọ̀ mọ́ nílé. Ọ̀pọ̀ àkùrọ̀ wa, amọ̀ àti yanrìn tí odò gbé wá ni. Àmọ́ níbi tó bá ti jẹ́ peat lóòótọ́, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wa: tọ́ọ̀nù 14 carbon ni ìwé IPCC kan náà kà fún hẹ́kítà kan nílẹ̀ olóoru.

Kí onílẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ dé, ẹ mú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ilẹ̀ yẹn káàkiri. Á máa wọlé wẹ́rẹ́ nínú peat, tó bá kan amọ̀, á le. Ẹ wọn bó ṣe jìn tó, kí ẹ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́ gbìn, màá bá yín wo ibi tó yẹ kí omi wà.