Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ayé Napoleon, ta ló ń sanwó ẹ̀rín?

Láti ìgbà tí a ti tẹ àwòrán William Pitt àti Napoleon sí ojú ìwé ìtàn wa ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. A mú díẹ̀ nínú wọn síbí.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ìtàn ni mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kàn rẹ́rìn-ín sí àwòrán ọkùnrin méjì tó ń gé ayé jẹ ni, kò yé wọn. Bàbá mi ní irú ohun tí àwọn olórin dàdàkúàdà ń ṣe náà ni. Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an, kí ló sì dé tí ìjọba kò ti ẹni tó yà á mọ́lé? (Olùkọ́ kan, Ọ̀fà)

Olùkọ́ wa, kò burú pé wọ́n rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ni James Gillray, ayàwòrán tó yà á, ń tà. Ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1805 ni àwòrán náà jáde ní London, nígbà tí ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé gbóná janjan, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí yóò yọrí sí. Lórí tábìlì ni oúnjẹ aládùn rìbìtì kan wà, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi èso gbígbẹ sè nígbà Kérésì, ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ ayé ni wọ́n yà sára rẹ̀. Pitt, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí apá òsì, ó ga, ó sì rù, ó ń rọra gé agbami òkun fún ara rẹ̀, títí kan erékùṣù West Indies. Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, ní apá ọ̀tún kúrú débi pé ó ní láti dìde lórí àga kí idà rẹ̀ tó lè kan oúnjẹ, ìwàǹwára ló sì fi ń gé ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ ní kí wọ́n wo fọ́ọ̀kì Pitt dáadáa. Eyín mẹ́ta ló ní, ohun ìjà tí àwọn ayàwòrán Yúróòpù máa ń fi sọ́wọ́ òrìṣà òkun. Ọ̀kan ti mú omi, èkejì ti mú ilẹ̀, kò sì sí èyí tó bi àwọn onílẹ̀ léèrè.

Ẹ bá mi sọ fún wọn pẹ̀lú pé Napoleon kì í ṣe aràrá. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 168 ni gíga rẹ̀, èyí tí kò dín sí ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin Faransé ìgbà ayé rẹ̀. Gillray ló sọ ọ́ di kúkúrú nínú àwòrán lóríṣiríṣi, títí tí irọ́ náà fi borí òótọ́. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Gillray rí ṣì ń pa á nítàn títí di òní pé ọkùnrin náà kò ga.

Ní ti pé wọn kò tì í mọ́lé, owó ló ṣe iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1797 ni Gillray bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ìjọba Pitt, 200 pọ́n-ùn lọ́dún, ẹni tó bá sì to àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé láti ìgbà náà ni ọfà rẹ̀ ti túbọ̀ ń dojú kọ àwọn alátakò ìjọba. George Cruikshank, tó gbajúmọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gba 100 pọ́n-ùn ní 1820, ọdún tí George Kẹrin gorí oyè, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní ya ọba níbi tó ti ń hùwà àìtọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó tún ti ya ọba níyàkuyà lórí ọ̀ràn òun àti ìyàwó rẹ̀, Caroline. Ọmọ aráyé! Ní ilẹ̀ Faransé, wọn kò fi owó pẹ̀tù sí i. Nígbà tí Honoré Daumier ya Ọba Louis-Philippe bí òmìrán tí àwọn tálákà ń gbé owó gun pákó lọ dà sí lẹ́nu, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi jẹ ẹ́ ní 1832, nígbà tó sì di 1835, òfin dé àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú mọ́lẹ̀ pátápátá.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bàbá yín kò jìnnà. Ẹni tó bá gbọ́ dàdàkúàdà lóde ní Ìlọrin mọ̀ pé kí èèyàn tó fi orin ṣe ẹ̀rí, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó pe olórin. Ti àwọn àwòrán yìí tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin kan tó jáde ní 1735, tí ayàwòrán William Hogarth wà lára àwọn tó jà fún un, ló mú kí wọ́n máa kọ orúkọ àti ọjọ́ ìtẹ̀jáde sára àwòrán. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ka ìlà tíńtín ìsàlẹ̀ yẹn kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Lára ti Gillray, orúkọ Hannah Humphrey ni wọn yóò rí, obìnrin oníṣòwò àwòrán tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà St James's, ilé rẹ̀ náà sì ni Gillray ń gbé.

Ilé kéwú ni mo ti kọ́ ìwé, pẹ̀lú wàláà àti tàdáwà. Báwo ni Gillray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fi ásíìdì ya àwòrán, ṣé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í yí sódì ni? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Bàbà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lò. Ayàwòrán á yọ́ ìda pọ̀ mọ́ oje igi, á fi bo ojú bàbà náà, á sì fi èéfín iná sọ ọ́ di dúdú kí ilà tó bá fà lè hàn. Abẹ́rẹ́ ni yóò fi fa ilà sínú ìda. Kò ní fi agbára gbẹ́ bàbà fúnra rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọwọ́ fi ń yá lórí iṣẹ́ náà ju lórí iṣẹ́ àwọn tí ń fi irin gbẹ́ bàbà lọ. Lẹ́yìn náà ni ásíìdì yóò kàn án. Ibi tí ìda bò, kò ní lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣí ni yóò máa jẹ wọlé. Ilà tí wọ́n bá fẹ́ kó fẹ́lẹ́, wọ́n á tètè fi fáníìṣì bò ó, wọ́n á sì dá ìyókù padà sínú ásíìdì kó lè jìn sí i. Nígbà tí ìda bá kúrò, wọ́n á fi yíǹkì kún inú ilà, wọ́n á nu ojú bàbà mọ́, wọ́n á tẹ́ ìwé tí wọ́n ti rin lómi lé e, wọ́n á sì gbà á láàárín rólà méjì pẹ̀lú agbára tó pọ̀. Ìwé náà ni yóò wọnú ilà lọ gbé yíǹkì jáde, etí bàbà yóò sì fi àpá sílẹ̀ lára rẹ̀, èyí tí èèyàn lè fi ìka mọ̀. Àwòrán tí kò bá ní àpá yìí, tí gbogbo ara rẹ̀ sì jẹ́ tó-tò-tó bí ẹ bá fi dígí wò ó, ẹ̀dà òde òní ni, ẹ má ṣe san owó gidi lé e.

Ọ̀rọ̀ ń yí sódì lóòótọ́, nítorí náà òdì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sórí bàbà, láti ọ̀tún lọ sí òsì. Ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú lè rò pé iṣẹ́ yín nìyẹn, àmọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn síra pẹ̀lú! Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun àwọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò ní àwọ̀ máa ń tó ṣílè kan, aláwọ̀ sì máa ń tó ṣílè méjì, èyí tí kì í ṣe owó mẹ̀kúnnù rárá. Ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ni àwọn tálákà ti ń wò ó. Ti Daumier kò sí lára èyí, orí òkúta ni ó ti ń fi ọ̀rá yàwòrán.

Mo rí àwòrán kan lórí fóònù mi, ọdún 1810 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Obìnrin Áfíríkà kan ni wọ́n mú kẹ̀yìn sí òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Grenville. Inú bí mi gidi. Kí ló dé tí wọn kò tíì sun ún? (Ìyá Ọlọ́mọ, Òmù-Àrán)

Ìyá wa, ó yẹ kí inú bí yín. Sarah Baartman ni obìnrin náà, ọmọ Khoikhoi láti ìhà gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n kó wá sí London ní ọdún 1810 yẹn kan náà, tí wọ́n ń gbowó kí àwọn èèyàn tó wo ìdí rẹ̀. William Heath ló ya èyí tí ẹ rí. Ohun tó tún burú ni pé kì í ṣe Sarah ni ó fẹ́ bú. Lord Grenville, olóṣèlú tí ìdí rẹ̀ tóbi, ni ó dojú ẹ̀fẹ̀ kọ, obìnrin náà ni wọ́n sì kàn fi ṣe òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì ni Grenville yìí ni olórí ìjọba nígbà tí wọ́n ṣe òfin tó fòpin sí òwò ẹrú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1807. Paris ni Sarah kú sí ní 1815, wọ́n la òkú rẹ̀, wọ́n sì fi í hàn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó dá a padà sí South Africa, tí wọ́n sin ín ní 2002.

Èmi kò ní ní kí wọ́n sun ún. Ẹ̀rí ni, ẹni tó bá sun ún, àwọn tó ṣe é ló bá bo àṣírí. Ohun tí mo máa béèrè lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé èyíkéyìí tó bá ní in ni pé kí wọ́n kọ orúkọ obìnrin náà sí i gàdàgbà, kó má jẹ́ ti ayàwòrán àti ti olóṣèlú nìkan ni èèyàn yóò rí kà.

Ṣé a lè rí irú rẹ̀ wò ní Kwara? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin)

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1945, àwọn ère òkúta rẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sí àwòrán Gillray níbẹ̀. Àmọ́ British Museum ti kó ti wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé àkójọ tí Frederic George Stephens àti Dorothy George ṣe láàárín 1870 sí 1954 ka àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ju 17,000 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní nọ́ńbà. 10371 ni ti Pitt àti Napoleon. Bí ẹ bá fẹ́ ti ilé, ẹ wá àwòrán tí Akinola Lasekan yà sínú ìwé ìròyìn West African Pilot ní àwọn ọdún 1940 láti bá ìjọba amúnisìn jà. Nínú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ ni ẹ ó ti rí wọn, nítorí náà ẹ béèrè àkójọ ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì tó bá wà nítòsí yín.