Màlúù Yẹn Dà?

Sí "Ìyàwó Ilé, Òṣogbo", tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àlè sílẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ wo fíìmù Sunrise, tí wọ́n jọ sunkún, tó wá ń bi mí bóyá kí òun dárí jì í bíi ti ìyàwó inú fíìmù náà.

Ọ̀rọ̀ ìdáríjì kọ́ ló mú mi dá ọ lóhùn. Ìlà kan ṣoṣo ni: "Àǹtí, wọ́n ṣì ń yọ owó alájẹṣẹ́kù tó yá lára owó oṣù mi, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní pẹ́ tán." Kí lo wí? O ṣe onídùúró fún un, ó ní òrùlé ilé lòun fẹ́ fi owó náà ṣe, ó kó o fún obìnrin yẹn, kò san kọ́bọ̀, o sì fi ìlà kan péré sọ ọ́. Sunrise wá gba odidi ojú ìwé méjì!

Ó dáa, ká fi fíìmù náà sọ ọ́. Murnau, ará Jámánì, ló ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 1927. Kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ojú Janet Gaynor, tó ṣe ìyàwó, ló ń sọ gbogbo rẹ̀. Àgbẹ̀ fẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ sómi nítorí obìnrin ìgboro, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Ó wá ń sunkún mọ́ ọn lára ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Èmi náà sunkún níbẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n padà lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá, àwọn olówó èlé ti fa màlúù wọn lọ, nítorí obìnrin yẹn kan náà. Òun náà ló tún ní kí ọkùnrin náà ta oko. Ta ló tún béèrè màlúù lẹ́yìn ìyẹn? Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jó, ìjì jà, díẹ̀ ló kù kí omi gbé ìyàwó lọ, oòrùn yọ, ó parí. Tìrẹ ò parí, wọ́n á tún yọ owó lóṣù tó ń bọ̀.

Irú lẹ́tà yìí ti sú mi. Ọkùnrin á kúnlẹ̀, ẹbí á ní ó ti bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹni tó ń san gbèsè.

Bóyá kó o dárí jì í, mi ò dá sí ìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì alájẹṣẹ́kù. Kó fọwọ́ sí i pé owó oṣù tòun ni kí wọ́n máa yọ ọ́ lára rẹ̀, kó sì dá èyí tí wọ́n ti yọ lára tìrẹ padà. Bí ẹkún bá tún ń gbọ̀n ọ́n, kó sun ún níbẹ̀ lójú akọ̀wé wọn.